Pẹpẹ Iwájú Ìsọ̀: Pákó Igi Ni Àbí Pákó Oníke?

Bí òjò bá ti rọ̀ tán, pẹpẹ tí a tẹ́ síwájú ilé àti ìsọ̀ á ti jẹrà lábẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Oníbàárà á gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, owó ọjà ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Pákó tuntun kan sì ti wà lọ́jà báyìí tí wọ́n ń pè ní WPC. Ṣé ká fi igi sílẹ̀ ni?

Kí ló ń ba pẹpẹ jẹ́?

Ohun méjì ni: omi àti ikán. A sún mọ́ ọ̀sà, ilẹ̀ olómi ni ibi púpọ̀ ní àdúgbò wa. Abẹ́ ni ikán ń gbà gòkè. Bó bá jẹ igi tán, ó di ara aṣọ, àpò ìrẹsì, àti bébà àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú. Nítorí náà, igi abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe èyí tó ń dán lókè.

Pákó igi

Igi ò dọ́gba. Arère àti àfàrà kò wọ́n, wọ́n sì rọrùn láti kàn, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ níbi tí omi wà. Ìrókò àti apá le, ikán kì í tètè rí wọn jẹ, àmọ́ ìrókò ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa. Ẹ̀kì ni ọ̀gá fún ibi olómi. Ó wúwo débi pé ó máa ń rì sómi, ó sì le débi pé káfíńtà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ihò kó tó kan ìṣó. Àwọn ará Hólàńdì pàápàá ń ra ẹ̀kì láti Áfíríkà fún iṣẹ́ etí omi wọn.

Ẹ ṣọ́ra o: àárín igi ló le. Eteetí rẹ̀ tó funfun, ìbáà jẹ́ ti ìrókò, oúnjẹ ikán ni.

Ẹ fi oògùn ikán bíi Solignum kun pákó kí wọ́n tó kàn án, pàápàá ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Kó gbẹ dáadáa kí oúnjẹ tó débẹ̀.

Pákó oníke

Ìyẹ̀fun igi, irú èyí tó ń jábọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi, ni wọ́n pò mọ́ ike yíyọ́. Láti bí ọdún 1990 sókè ni wọ́n ti ń fi tẹ́ ẹ̀yìnkùlé ní Amẹ́ríkà. Ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, kì í tètè jẹrà, kò sì nílò ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù mẹ́ta.

Èkíní, ó máa ń tẹ̀. Igi abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, ínṣì 12 sí 16. Èkejì, oòrùn máa ń mú un gbóná, á sì gùn sí i. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín pákó sí pákó. Ẹ̀kẹta, iná ń yọ́ ọ. Ẹ̀yin alákàrà àti olóúnjẹ tó ń lo ààrò eléèédú, sìmẹ́ńtì ló yẹ yín.

Ẹ wò ó, ẹni tó bá tẹ́ pákó oníke olówó ńlá sórí igi àfàrà, owó rẹ̀ ló dà sí gọ́tà. Òkè á ṣì máa dán, abẹ́ á ti wó.

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò

Ká ní ẹ ra pákó ₦50,000 tó lo ọdún 2, ₦25,000 ni lọ́dún kan. Bó bá jẹ́ ₦150,000 tó lo ọdún 10, ₦15,000 ni lọ́dún. Èwo ló wọ́n? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ìmọ̀ràn wa

Létí ọ̀sà ní Bàrígà àti lórí gọ́tà, ẹ lo ẹ̀kì lókè àti nísàlẹ̀. Níbi tó gbẹ tó sì lórùlé, ìrókò tàbí oníke dára lókè, bí ẹsẹ̀ pẹpẹ bá jẹ́ igi líle tó dúró lórí búlọ́ọ̀kù, tí kò wọnú ilẹ̀. Pẹpẹ orí gọ́tà gbọ́dọ̀ ṣeé ká kúrò, ká lè kó ìdọ̀tí. Bí gọ́tà bá dí, gbogbo wa ni omi ń bá nílé, ìjọba sì lè wá wó o.

Ajé á wọgbá o.