Jẹ́lé-ó-sinmi: Kí ni Ọmọ Ń Rí Gbà Níbẹ̀?

Ẹ̀yin olùwòran wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bí a bá tú orúkọ tí à ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wò, ìsinmi ilé ni ó ń sọ. Kò sọ èrè tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò jẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ìwé kíkọ ni èrè náà. Bí wọ́n bá bá ọmọ ọdún mẹ́rin nídìí iyanrìn, wọn a ní owó àwọn ti wọgbó.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Láàrin ọdún 1962 sí 1967, ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, David Weikart àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọmọ tálákà 123 sí ọ̀nà méjì. Àwọn 58 ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀. Àwọn 65 kò lọ. Níbẹ̀, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ sọ eré tí ó fẹ́ ṣe. Yóò ṣe é. Lẹ́yìn náà, yóò ròyìn bí ó ti ṣe é. Olùkọ́ a sì máa bẹ àwọn òbí wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n di ẹni ogójì ọdún, 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lọ ni ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. 60 péré ni nínú àwọn tí kò lọ. A kò lè sọ pé eré nìkan ni ó fa èyí, nítorí àbẹ̀wò olùkọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, eré ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Báwo ni eré ṣe ń kọ́ni? Ọmọ tí ó bá ní, ‘N ó kọ́lé,’ tí ó sì padà wá wí pé, ‘Mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó wó nítorí pé iyanrìn gbẹ,’ ti pète, ó ti ròyìn, ó sì ti wá ìdí ọ̀ràn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jáde lẹ́nu ọmọ àfi ní èdè tí ó gbọ́. Abájọ tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1977 fi ní kí á fi eré àti èdè abínibí kọ́ wọn.

Olùkọ́ tí ó wà ní Ìgàngán, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, kò nílò ohun ìṣeré òkèèrè. Iyanrìn wà, igbá wà, ọpọ́n ayò náà wà. Kí ọmọ sáà máa ka ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sínú ojú ọpọ́n méjèèjìlá. Ìṣirò ni ó ń ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n má baà kì í bọ imú.

Bí òbí bá wá bèèrè pé kí ni ọmọ òun kọ́ lónìí, ẹ má ṣe sáré mú ìwé fún un. Ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ ní kí ó ròyìn eré rẹ̀. Kí òbí fi etí ara rẹ̀ gbọ́.