Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Àtúnṣe Ìjókòó Aláwọ ní Sókótó

Ní Sókótó, ìlú tí Muhammadu Bello tẹ̀ dó ní 1809, awọ ewúrẹ́ pupa, tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe títí yóò fi rọ̀ tí kò fi ní í jẹrà mọ́, wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò máa ń di lé ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá láyé àtijọ́, tó fi dé ọwọ́ àwọn Òyìnbó gẹ́gẹ́ bí awọ Mòrókò. Ó sì dùn mí pé orúkọ ìlú tó bí i kò bá a dé ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ àti oòrùn ìlú yìí kan náà a máa gbẹ òróró inú awọ, wọn a sì máa lé èròjà tó ń mú awọ oníke rọ̀ jáde, títí ìjókòó ọkọ̀ yóò fi sán. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, nítorí ojú ibi tó sán gan-an ni eruku àti òógùn ń gbà wọlé.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn awọ náà: ti ẹranko ní fọ́nrán, ti oníke sábà máa ń ní aṣọ. Òróró ìtọ́jú awọ wà fún ti ẹranko. Kò wúlò fún oníke.

Oníṣẹ́ tí awọ rẹ̀ kájú ìlù yóò fọ ojú ibẹ̀, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò ki aṣọ sábẹ́ ibi tó ya, yóò fi gọ́ọ̀mù tó ń rọ̀ lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe èyí tó ń le gbagidi tí yóò tún sán, kí ó tó dí i, kí ó fi sáńpépà ha á, kí ó sì kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léraléra.