Láti Ìdúmọ̀tà dé Súrùlérè

Ní Òpópónà Nnamdi Azikiwe ní Ìdúmọ̀tà, Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹlẹ́rù ló ni ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tí àwọn alábàárù ti ń ké pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi o!”, ìdì aṣọ lórí wọn, òógùn lọ́rùn wọn. Oníbàtà tẹ́ ọjà dé etí gọ́tà. Àwọn tó ń ta fóònù gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ilé alájà mẹ́rin, alájà márùn-ún, ọjà ló kún inú wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo gbójú sókè wò wọ́n títí, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ò tó nǹkan, mi ò sì rí ọmọdé kankan lójú fèrèsé. Ilé pọ̀ níbẹ̀, ará ilé ni kò pọ̀ mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Agboolé ló wà níbí yìí títí di nǹkan bí 1955. Bàbá, àwọn ìyàwó, àbúrò, ọmọ àbúrò àti ayálégbé tó ti di ẹbí jọ ń gbé inú yàrá kéékèèké tó yí ọgbà kan ká. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun tàbí ewé àti egbò ní Jankara kàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ni, ìyá àgbà ló sì ń bá a mójú tó ọmọ nílé. Òótọ́ ni pé omi ò tó wọn, afẹ́fẹ́ ò sí, ìdọ̀tí sì pọ̀. Ìjọba ò parọ́ ìyẹn mọ́ wọn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1924, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó sì mú kí ìjọba òyìnbó dá Lagos Executive Development Board, tí àwọn ará Èkó ń pè ní LEDB, sílẹ̀ ní 1928 nìyẹn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wó èyí tí kò dára, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun.

Nígbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ fẹ́ kí olú-ìlú Nàìjíríà ní ojú tó ṣeé fi han àlejò. Ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 70 éékà, wọ́n sì kọ́ ẹ̀sítéètì sí Súrùlérè fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá bá àwọn tó kó lọ àti àwọn tó ṣì wà nílé sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1961. Ohun tó rí ni mo gbé sọ́kàn bí mo ṣe ń rin ìrìn yìí. Ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tòṣì sí i níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀, owó ilé àti owó bọ́ọ̀sì wá ń jẹ owó oúnjẹ, àwọn ẹbí tó ń ríra láràárọ̀ sì wá ń ríra kìkì bí ìnáwó bá pè wọ́n jọ. Àwọn tó ya àwòrán ka yàrá, wọ́n wọn pùlọ́ọ̀tì, wọ́n fa gọ́tà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìsọ̀ ìyá ọlọ́jà sí nínú àwòrán náà.

Mo wọ bọ́ọ̀sì BRT ní ibùdókọ̀ CMS lọ sí Súrùlérè. Bọ́ọ̀sì yìí, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 wá sí erékùṣù, tí wọ́n sì ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí mo gbà pé wọ́n ronú dáadáa lé lórí kí wọ́n tó ṣe. A gun Afárá Èkó, mo sì ń rò ó pé afárá yìí gan-an kò tíì sí nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ. Afárá Carter nìkan ló so Èkó mọ́ òdìkejì omi nígbà náà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wọn jìnnà sí ọjà kí bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó dé.

Mo sọ̀ ní Stadium. Pápá ìṣeré ńlá tó gba àlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ní 1973 wà lápá kan, ti Teslim Balógun wà lódìkejì. Mi ò dúró níbẹ̀. Mo gba ọ̀nà Másha, mo sì yà wọ àwọn òpópónà kúkúrú tí ilé LEDB àtijọ́ wà.

Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù. Díẹ̀ nínú àwọn ilé náà ṣì rí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn: ilé ilẹ̀ lórí ìlà kan, ògiri kan ló pa wọ́n pọ̀. Púpọ̀ ti di alájà kan tàbí méjì. Ohun tó gba àfiyèsí mi ni iwájú ilé. Yàrá tó kọjú síta ti di ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀rọ ìlọta ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún, obìnrin kan ń kó àkàrà jáde nínú epo gbígbóná lọ́wọ́ òsì, ọmọdékùnrin tó wọ aṣọ ilé-ìwé sì dúró tì í pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Lábẹ́ igi fúrúùtù, àwọn bàbá mẹ́rin ń ta ayò, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí wọn. Nítorí pé ọ̀nà náà tóóró, tí kò sì gùn, ọkọ̀ kì í lè sáré níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ojú ń rí ojú. Àjèjì bíi tèmi kò lè rìn jìnnà kí wọ́n tó bi í pé, “Ta lẹ ń wá?”

Mo kí ìyá kan tó ń ta ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Ẹ kú ọjà o, mà.”

“Ọjà á tà o, ọmọ mi. Ẹ jókòó.”

Mo béèrè ìdí tí kò fi gba ìsọ̀ nínú ọjà. Ó ní, “Tí mo bá jókòó síbí, mo ń tajà, mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ, mo tún ń ṣọ́ ilé.” Mo ní tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá fi ọ̀dà pupa kọ X, àmì pé wọ́n fẹ́ wó o, sára pátákó yín ńkọ́? “À á bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá wó o, tí wọ́n bá ti lọ, à á tún un kàn.”

Ohun tí àwòrán 1955 kò fún wọn, àwọn ará ibẹ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbé gbogbo oríyìn fún ẹnì kan. LEDB ló la ọ̀nà kúkúrú wọ̀nyí, òun ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn kọjú síta, òun ló fa gọ́tà. Láìsí ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé kò ní rọrùn báyìí. Àṣìṣe tiwa náà wà níbẹ̀: pátákó ti gun orí gọ́tà, wọ́n da kọnkéré bò ó, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sì gbọ́dọ̀ bá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dìjà lójú títì. Ní ibi méjì, mo rí omi dúdú tó dúró pẹ̀lú ọ̀rá píọ́wọ́tà nínú rẹ̀, kò sì ríbi lọ.

Òpópónà Adéníran Ògúnsànyà fẹ̀, ó mọ́, ilé ìtajà ńlá wà níbẹ̀, ó sì ṣòro fún ẹlẹ́sẹ̀ láti sọdá. Òpópónà Bọ́dé Thomas ti di ilé oúnjẹ àti báńkì. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Tẹ́júoṣó.

Ọjà Tẹ́júoṣó jóná ní oṣù Kejìlá 2007. Èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2014, ga, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ kí iná tó sọ. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo rí ilẹ̀kùn irin tó wà ní títì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá èrò tó ń fún ara wọn mọ́lẹ̀ létí títì, ata àti aṣọ òkìrìkà lórí ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1955 ló tún ṣẹlẹ̀ níbí: wọ́n kọ́ ilé náà tán, wọ́n gbàgbé ẹni tó ń jẹun níbẹ̀. Ti àdúgbò Màrókò l'Ékòó tilẹ̀ burú jù, nítorí nígbà tí ìjọba ológun wó o ní oṣù Keje 1990, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé, díẹ̀ péré ló rí ibòmíràn gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ètò ìlú láti 2010, ó sì ti ya àwòrán ètò fún ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹ̀yin tí àwòrán náà wà lọ́wọ́ yín, ẹ fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó ka yàrá, ẹ ka ìsọ̀. Ẹ jẹ́ kí òfin gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé láàyè, kí ó sì sọ ibi tó gbọ́dọ̀ parí sí: ẹ̀yìn gọ́tà, ẹ̀yìn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá tún ọjà kọ́, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ní iye tí ọjà rẹ̀ lè san. Ẹ̀yin ará Súrùlérè náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún pátákó yín kúrò lórí gọ́tà kí òjò ọdún yìí tó dé.