Bí sọ́fíwià ìtajà yín bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má tíì gbà kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà

Díẹ̀ ló kù kí ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, páànù àti irin ìkọ́lé ní Mowe, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, pàdánù àkọsílẹ̀ ọjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Olè kò jà wọ́n, iná kò sì jó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n pè pé kó wá wo kọ̀ǹpútà ló sọ pé sọ́fíwià tí màmá fi ń tajà ti bàjẹ́, ó ní àfi kí òun fọ́máàtì ẹ̀rọ náà kí òun sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí nígbà tí mo débẹ̀.

Gbèsè àwọn kọ́ńtírákítọ̀ tó ń kọ́lé ládùúgbò wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ẹni tó bá mọ bí ilé tuntun ṣe ń yọ láti Ibafo títí dé Mowe yóò mọ̀ pé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Odoo ni sọ́fíwià náà ń jẹ́. Fabien Pinckaers, ará orílẹ̀-èdè Belgium, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2005 pẹ̀lú orúkọ TinyERP, ọdún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di Odoo. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà tó wà nílẹ̀, rìsíìtì àti gbèsè. Àmọ́ ọ̀fẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu bíi ti màmá yìí, ojú dúdú kan ni wọ́n sábà máa ń ṣí, tí wọ́n á máa tẹ àṣẹ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ni wọ́n fi kọ Odoo. Sọ́fíwià Python kì í dá ṣiṣẹ́, ó ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń fẹ́, ó sì mọ ẹ̀dà tó ń fẹ́ nínú wọn. Ẹ̀dà tí ọ̀kan ń fẹ́ lè má bá èkejì mu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò pé kí sọ́fíwià kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ ti ọ̀kan má baà dá sí ti èkejì. Láti ọdún 2012 ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá náà, venv, ti wà nínú Python fúnra rẹ̀. Ó dà bí ilé olórogún tí kálukú ní ilé ìdáná tirẹ̀: ẹni tó bá ń wá iyọ̀ ìyáálé nínú ilé ìdáná ìyàwó kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ wà nínú ilé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mowe gan-an nìyẹn. Àmì kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ̀ láràárọ̀, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà kó tó pe Odoo. Ẹnì kan ti ṣèèṣì pa á rẹ́. Ìta ni ọmọkùnrin náà dúró sí tó ń pe Odoo, kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn pé "ModuleNotFoundError", ìyẹn ni pé òun kò rí olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń wá. Ó rò pé wọ́n ti sọnù. Ó wá fẹ́ fi àṣẹ "pip install" kó òmíràn wọlé, èsì tó rí ni "externally-managed-environment". Ibẹ̀ ló ti sọ pé ẹ̀rọ ti kú.

Ìkìlọ̀ lásán nìyẹn. Ubuntu pẹ̀lú ń lo Python fún iṣẹ́ ara rẹ̀, nítorí náà láti ọdún 2023, láti orí Ubuntu 23.04 àti Debian 12, wọn kì í jẹ́ kí pip kó nǹkan sí gbàgede ilé mọ́. Àwọn kan máa ń fi àṣẹ "--break-system-packages" já ilẹ̀kùn. Orúkọ àṣẹ náà ti sọ ohun tó lè ṣe, èmi ò mọ ìdí tí kì í fi í ba àwọn kan lẹ́rù.

Màmá pe ọ̀gbẹ́ni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà, ó sì gun ọ̀kadà wá láti Ibafo. Ó tẹ "source", ó fi ọ̀nà tó lọ sí fáìlì "activate" inú yàrá náà tẹ̀ lé e. Orúkọ yàrá yọ nínú àkámọ́ níwájú ìlà. Ó pe Odoo, Odoo ṣí. Mi ò tíì mu mínírà tí màmá fún mi tán.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ kò nílò láti mọ àwọn àṣẹ yìí sórí. Ẹ ṣáà bi ẹni tí ẹ bá pè bóyá inú yàrá ló wà. Bó bá ní òun wà níbẹ̀, kó fi orúkọ inú àkámọ́ yẹn hàn yín.

Lóòótọ́, ó lè wà nínú yàrá kó má sì ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé fódà yàrá náà kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, tàbí tí wọ́n dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò dojú rú, torí àdírẹ́sì ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló kọ sínú. Àtúnkọ́ ló kàn. Ó sì lè jẹ́ pé Python tó wà nílẹ̀ ti gbó jù: Odoo 17 ń fẹ́ Python 3.10 sókè, 3.8 ló sì wà lórí Ubuntu 20.04. Bí ẹ bá rí "pg_config executable not found", ohun èlò kan ni kò sí nílé, libpq-dev ni wọ́n sì máa ń fi sí i lórí Ubuntu.

Ibi tí owó yín wà gan-an nìyí. Àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè kò sí nínú yàrá náà rárá. Inú PostgreSQL ni Odoo ń kó wọn sí, àwọn àwòrán àti ìwé tí ẹ bá so mọ́ wọn sì wà nínú fódà tí wọ́n ń pè ní filestore. Wọ́n lè wó yàrá kí wọ́n tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, náírà kan kò ní kúrò nínú àkọsílẹ̀ yín. Fọ́máàtì ni yóò gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá wá di dandan kí wọ́n fọ́máàtì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi pg_dump da àkọsílẹ̀ kọ, kí wọ́n da filestore kọ pẹ̀lú, kí wọ́n sì kó méjèèjì sórí ohun mìíràn tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà yẹn. Kí wọ́n ṣí i lójú yín kí ẹ rí i pé ó ṣí.

Ọ̀rọ̀ détà náà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Kò dáa kí ẹ tún máa sanwó nítorí ohun tí ẹ ti gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá lè dá yín dúró. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn rí màbo. Àṣẹ "pip download" lè kó gbogbo olùrànlọ́wọ́ náà sínú fódà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, wọ́n á fi "--no-index" àti "--find-links" kó wọn wọlé láti inú fódà náà láìlo détà, bí Ubuntu àti Python bá ṣì jẹ́ ẹ̀dà kan náà.

Ọ̀gbẹ́ni ará Ibafo náà kó tirẹ̀ sórí fúláàṣì, màmá sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ìwé báńkì sí. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ṣì jókòó. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi fóònù ya àwòrán àṣẹ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Màmá ní kó yà á, wọ́n fún un lówó ọkọ̀, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà tó ti ń dúró de páànù láti àárọ̀.