ÀRỌ̀KÚRÒ ÒJÒ ÀTI IṢẸ́ ỌGBÀ

Nínú ìwé ọgbà tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń rí àkójọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí olúkúlùkù ṣe láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn igi ibẹ̀ ń wọ́wé. Òtútù ni ọ̀tá tí wọ́n ń múra dè. Nínú àwọn oṣù kan náà ni òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá tiwa. Àwọn a máa tú ilẹ̀ amọ̀ wọn sílẹ̀ kí ìrì dídì lè fọ́ ọ kúnná. Bí àwa bá tú tiwa tí a sì fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò, oòrùn àti ọyẹ́ yóò fa gbogbo omi inú rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà ó yẹ kí àwa náà ní àkójọ iṣẹ́ tiwa. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé, ní àkókò àrọ̀kúrò òjò ọdún yìí ni a ti ń dá oko ọdún tí ń bọ̀.

Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. A máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. A sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń lọ sí òpin, àrọ̀kúrò ti rọ̀ tán ní ibi púpọ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a sì máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàrin, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí ọkọ́ sì ń wọlé. Àwọn baba wa wí pé, ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí wà fún: kí a pa omi mọ́, kí a pa irúgbìn mọ́, kí a sì dènà iná.

Èkíní ni omi. Koríko tí a bá fi sílẹ̀ nínú ọgbà lẹ́yìn àrọ̀kúrò ń mu omi tí ohun ọ̀gbìn ìbá mu. Nítorí náà kí a ro ó ní àrokẹ́yìn kí ilẹ̀ tó le. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sun ún. Kí a tẹ́ ẹ sí ìdí kòkó, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn ní ọdún náà, nítorí gbòǹgbò wọn kò tí ì jinlẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yìí ni ó sì ń pa púpọ̀ nínú wọn. Kí a fi àlàfo bí ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàrin koríko náà àti ara igi, kí ikán má bà á gun ún. Ẹni tí ó bá sì ń gbin iṣu kí ọdún tó parí, kí ó fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí ó sì fi ògúlùtu lé e, kí ooru má bà á se èèbù náà jẹ nínú ilẹ̀. Ewébẹ̀ ní tirẹ̀, àkùrọ̀ ni ààyè rẹ̀ nísinsìnyí: tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá tí a bá gbìn síbẹ̀ yóò wà fún ọbẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n ní ọjà.

Èkejì ni irúgbìn, níhìn-ín ni a sì ń pàdánù jùlọ. Àṣà púpọ̀ nínú wa ni láti ṣa iṣu tí ó dára jù fún ọjà, fún ìdúpẹ́ ìkórè àti fún Kérésìmesì, kí a sì fi èyí tí ó rán sílẹ̀ fún èèbù. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun tí a ń ṣe. Èèbù kì í ṣe ọmọ iṣu, bí kò ṣe ara iṣu náà gan-an. Bí ìyá bá ní àrùn, àrùn náà yóò bá a lọ sínú ebè tuntun. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, iṣu wa yóò máa kéré sí i, àwa yóò sì máa sọ pé ilẹ̀ ti ṣá. Oògùn rẹ̀ kò gba owó: kí ewé iṣu tó gbẹ, kí a rìn yí oko ká, kí a ri igi mọ́ ìdí èyí tí ewé rẹ̀ tutù tí kò ní àbàwọ́n, tí kò sì kákò. Lára ìwọ̀nyí ni kí a ti mú èèbù. Bí ewé bá ti gbẹ tán, kò sí ẹni tí yóò tún lè mọ èyí tí ó ṣàìsàn yàtọ̀.

Iṣu tí ọkọ́ bá ṣá lọ́gbẹ́, òun ni kí a kọ́kọ́ jẹ. Èyí tí ara rẹ̀ pé ni kí a so mọ́ ọ̀pá nínú àká, ní abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Kí a sá irúgbìn ilá àti ti ewédú gbẹ dáradára, kí a pò ó mọ́ eérú, kí a sì dé e sínú akèrègbè.

Ẹ̀kẹta ni iná. Igi kòkó a máa gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ọ̀sán kan ṣoṣo sì tó fún iná láti jó o. Ní 1983, nígbà ọ̀dá ńlá, iná igbó run ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ Gánà. Kí a ro ọ̀nà gbòòrò yí oko ká nígbà tí koríko ṣì tutù, kí a sì máa gbá ewé gbígbẹ kúrò lójú rẹ̀ títí àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnìkan ṣoṣo ro kò tó, nítorí iná kò mọ ààlà. Kí àwọn tí oko wọn pàdé pọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí wọn yóò ro ó, àti lórí ẹni tí yóò máa ṣọ́nà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sun igbó.

A mọ̀ pé ọwọ́ dí ní àkókò yìí: kòkó ń pọ́n, iṣu ń bẹ láti wà, ìnáwó ọdún sì ń bọ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan kò bá lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó mú igi pẹlẹbẹ díẹ̀ lọ sí oko, kí ó sì lọ sàmì sí iṣu rẹ̀ kí ewé tó gbẹ. Ọ̀nà iná lè dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ewé iṣu kò ní dúró.