Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré, àti Bí A Ti Í Fi Ọwọ́ Ṣe É

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a fi igi àti bébà ṣe. Èmi pàápàá pè é bẹ́ẹ̀, títí ó fi di ìgbà tí mo gbé ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ England, tí ilé tí mo wọ̀ sí kángun sí ti káfíńtà àgbàlagbà kan tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi a máa lọ jókòó tì í nínú ahéré tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, láti orí àwòrán títí dé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ fò, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Lórí ògiri ahéré náà ni ọkọ̀ kékeré kan gbé kọ́, tí imú rẹ̀ fọ́, tí ìyẹ́ rẹ̀ kan sì ya. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi tún un ṣe. Ó dá mi lóhùn pé oṣù mẹ́ta ni òun fi ṣe é, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò bá òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá mu, títí dé ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òun jù ú sókè, ó gbé imú sókè, ó tún tẹ imú sílẹ̀, ó sì forí sọlẹ̀ kí a tó ka ení dé márùn-ún. Ó ní òun fi í kọ́ síbẹ̀ kí òun lè máa rí i nígbàkígbà tí ọwọ́ òun bá ń yá jù. Kí ló dé tí ọkọ̀ tí kò ní àbùkù kan nínú òṣùwọ̀n fi ṣubú bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo gbé kiri ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje náà.

Èyí tí ó ń ṣe nígbà tí mo ń wò ó jẹ́ àfarawé ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní Piper Cub. Ní ìlú Lock Haven, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni wọ́n ti ń kọ́ irú ọkọ̀ yìí kí ogun ńlá kejì tó bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1947, iye tí wọ́n sì kọ́ súnmọ́ 20,000. Ọkọ̀ ènìyàn méjì ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí èso ìyeyè, ìyẹ́ rẹ̀ sì dá lé orí awakọ̀ bí òrùlé. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ṣóńṣó èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 35 àti ínṣì 3. Bí ènìyàn àti epo bá wà nínú rẹ̀ dé ibi tí òfin gbà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1,220. Egungun irin ni ara rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Nítorí náà ni àwọn tí ń fi igi àti bébà ṣe ọkọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí a ti kọ́ ńlá ni a ti lè kọ́ kékeré.

Ìdajì ínṣì ni ó fi rọ́pò ẹsẹ̀ bàtà kan. Èyí ni pé ọkọ̀ ńlá tóbi ju ti rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 24, ìyẹ́ tirẹ̀ sì gùn ní ínṣì mẹ́tàdínlógún ó lé díẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n 24 yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà.

Ẹ mú hóró ṣúgà kan, irú èyí tí ìhà rẹ̀ gbogbo dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ to òmíràn tí ó gùn ní ìlọ́po méjì, tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ó sì ga ní ìlọ́po méjì, hóró mélòó ni ẹ óò kó jọ? Kì í ṣe méjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mẹ́rin, mẹ́jọ ni. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ kan, hóró mẹ́rin péré ni ẹ óò rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, ìwúwo mẹ́jọ ni ẹ óò gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀ òfuurufú. Fífẹ̀ ìyẹ́ ni ó ń gbé e ró, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń fà á wálẹ̀. Bí a bá sì ti ń sọ ọ́ di ńlá, ìwúwo a máa sáré ju fífẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ méjì kan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó mọ ìṣirò rẹ̀. Ní ọdún 1878, Milton Wright, tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ United Brethren ní Amẹ́ríkà, mú ohun ìṣeré kan wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀, Wilbur tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 àti Orville ọmọ ọdún 7. Ó jù ú sókè, àwọn ọmọ náà sì rò pé yóò já bọ́. Ṣùgbọ́n ó fò lọ, ó sì kan àjà ilé. Ọparun, bébà àti rọ́bà tí a lọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Alphonse Pénaud ni ó sì ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn, ó sì fò. Wọ́n ṣe èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fò dáradára mọ́. Ìdí rẹ̀ kò yé wọn nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ tí ó bá tóbi ní ìlọ́po méjì yóò fẹ́ agbára ní ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni ó fi ẹ̀rọ gbé ènìyàn fò ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1903.

Bí a bá yí ìṣirò náà padà, ó di àǹfààní fún ẹni tí ń ṣe kékeré. Ẹ fi 24 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò rí 13,824. Ẹ fi èyí pín pọ́n-ùn 1,220, ohun tí ó kù kò ju gíráàmù 40 lọ, kò tó ẹyin adìyẹ kan. Ṣùgbọ́n káfíńtà náà ní èyí pàápàá ti wúwo jù. Ọkọ̀ ńlá náà kì í lè dúró lójú òfuurufú bí eré rẹ̀ bá dín sí nǹkan bí máìlì 38 ní wákàtí kan; kékeré tí ó bá wúwo tó gíráàmù 40 yóò ní láti sá tó máìlì 8. Eré ọkùnrin tí ń sáré nìyẹn, ó sì pọ̀ jù fún ohun tí ó fi bébà ṣe awọ. Ó fẹ́ kí tirẹ̀ rìn jẹ́jẹ́, nítorí náà ó pinnu pé kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 25. A lè dín igi kù, a sì lè dín bébà kù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ kékeré yóò fò nínú rẹ̀ ni èyí tí ọkọ̀ ńlá ń fò nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a dín in kù.

Igi tí ó ń lò ni a ń pè ní bálúsà, tí ó ń wá láti Ecuador ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ìbátan igi àràbà wa ni. A kì í sì í jẹ́ kí ó dàgbà púpọ̀ kí a tó gé e, nítorí bí ó bá gbó, a wúwo. Ẹnu yà mí láti rí i pé káfíńtà náà kò fi ojú ṣa igi rẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n kékeré kan bí ti alágbẹ̀dẹ wúrà, gbogbo ọ̀pá tín-ín-rín tí ó bá gé ni ó ń wọ̀n. Èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ ni ó fi sọ́tọ̀ fún ìrù. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrù jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ gbé dúró déédé ju imú lọ: gíráàmù kan tí ó bá ṣì í fi sí ìrù, yóò fi bíi mẹ́ta sí imú láti san án. Fún ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ìfarapa pọ̀, ó lo igi arère, èyí tí àwọn oníṣòwò igi ń pè ní obeche. Inú mi dùn láti rí igi igbó wa nínú ahéré yẹn.

Ó na àwòrán sórí pátákó rírọ̀, ó sì fi àbẹ́là pa bébà rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má bà a lẹ̀ mọ́ ọn. Ó to ọ̀pá gígùn sórí ìlà àwòrán, ó ń fi píìnì há wọn láàárín, kò jẹ́ kí píìnì gún igi fúnra rẹ̀. Ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ni ó kọ́ lé orí ara wọn, kí ìkan má bàa yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn egungun ìhà inú ìyẹ́ ni ó gé papọ̀: ó di pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ pọ̀ sáàárín irin méjì tí a ti gé bí ó ti yẹ, ó fá wọn, ó sì fi bébà yíyí, tí ń ṣe iṣẹ́ ewé èpín, dán wọn. Ìkán gọ́ọ̀mù kan ni fún oríkèé kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí ó fi abẹ ha gọ́ọ̀mù tí ó pọ̀ jù kúrò, bí ìyàwó ilé tí ń ha iyán kúrò lẹ́nu odó.

Nígbà tí ó dé orí ìyẹ́ àti ìrù, ó ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ó gbé ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì sókè ju ti ọkọ̀ ńlá lọ, ó sì mú kí ìrù fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ṣàlàyé pé ọkọ̀ ńlá ní awakọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn a dá a padà. Ọkọ̀ kékeré kò ní ẹnìkan nínú. Bí ìyẹ́ bá gbé apá sókè, tí ọkọ̀ sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹ́ tí ó lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbé jù, yóò sì tún dọ́gba. Ìrù tí ó fẹ̀, tí a sì tẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti ìyẹ́ lọ, ni kì í jẹ́ kí imú máa lọ sókè sódò. Pénaud kan náà ni ó fi èyí han ayé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1871, nínú ọgbà Tuileries ní Paris, nígbà tí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ fò ní ìdúróṣinṣin fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Ọmọ ọdún 21 ni. Mo bojú wo ọkọ̀ tí ó fọ́ lára ògiri, mo sì rí i pé ìrù rẹ̀ kéré, ìyẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó bá òṣùwọ̀n mu, kò sì ní awakọ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa náà, nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ orí ère tóbi ju ti ènìyàn lọ, òṣùwọ̀n kọ́ ni wọ́n ṣì. Mo rò pé wọ́n ìbá mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo àfarawé ni ó nílò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1942, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ tí ó kéré ju ti gidi lọ ní ìlọ́po 72, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí a ti ń dá ọkọ̀ ọ̀tá mọ̀. Bí a bá gbé irú ère bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ojú, ó rí bí ọkọ̀ gidi ní nǹkan bí ìdajì máìlì. Ojú nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kò sì ṣe nǹkan bí ó bá wúwo bí òkúta.

Bébà tí ó fi bo egungun ọkọ̀ náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ eteetí, ó fọ́n omi sí i bí ìrì, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń fà le bí awọ ìlù. Iṣẹ́ yìí léwu. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fà ju èkejì lọ, ìyẹ́ a lọ́, gbogbo làálàá a sì di asán. Nítorí náà ó fi píìnì de ìyẹ́ mọ́ pátákó títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà tí ó mọ́ gaara ni ó fi kùn ún lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan péré.

Rọ́bà ni ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi gilisérìn àti ọṣẹ rírọ̀ pa á, kí okùn rẹ̀ má bàa máa ha ara wọn já, ó fà á gùn dé ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ó sì ń súnmọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ́ ọ. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ ńlá ìbá jẹ́ ínṣì 3 ní òṣùwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n irú èyí yóò kàn máa yí lásán ni. Ó gbẹ́ méjì: ọ̀kan tí ó jẹ́ ínṣì 3 fún orí tábìlì, ọ̀kan tí ó jẹ́ 6 fún pápá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a jáde, kò sí afẹ́fẹ́ rárá, ìrì sì wà lórí koríko gíga tí ó yàn kí ọkọ̀ lè rí ibi rọ̀ bọ́ sí. Kò lọ́ rọ́bà. Ó kọ́kọ́ tì í lọ lásán láti èjìká. Ó gbé imú sókè, ó sì dúró gbọ̀ngbọ̀n kí ó tó ṣubú. Ó fi amọ̀ tí kò ju orí píìnì lọ sí imú rẹ̀, ó tún tì í. Ìgbà mẹ́fà ni ó ṣe báyìí. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ́ rọ́bà ní ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ náà sì yẹ̀ sí òsì ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi igi pẹlẹbẹ kan ti ẹnu abẹ̀bẹ̀ sí ọ̀tún. Nígbà tí ó lọ́ ọ ní irinwó, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gòkè, ó yí wa ká lẹ́ẹ̀mejì, tí oòrùn sì ń gba inú ìyẹ́ rẹ̀ tí a fi ń rí egungun rẹ̀ gbogbo. Ó kọjá lórí ọgbà, ó sì lọ jókòó sórí ẹ̀ka igi ápù aládùúgbò kan. A lọ tọrọ àkàbà. Ihò kan ni ó wà nínú ìyẹ́ òsì, tí ó fẹ̀ tó èékánná, káfíńtà náà sì fa bébà kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú èyí tí ó fi bo ọkọ̀, tí ó ti gé tì kí a tó jáde nílé.