Kí ẹ tó kó owó òwú yín sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, bí owó òwú bá ti wọlé, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ dé: “Ibì kan wà tí owó ti ń bímọ kíákíá.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ nípa ICC Services ní Kútọnu. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gba èlé ńlá, wọ́n sì pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èlé náà. Ní ọdún 2010, ó wó. Owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn káàkiri Bẹ̀nẹ̀ sì ṣègbé.

Ọ̀rẹ́ yín lè má purọ́; ohun tó rí gbà ló ń sọ. Nítorí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Òwò wo ló ń mú èlé náà wá?
2. Ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ ìjọba láti gba owó ìpamọ́?
3. Ọjọ́ wo ni mo lè gba owó mi padà?

Bí ìdáhùn kò bá dájú, ẹ má fi owó síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ àti ti ilé-ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Nínú èyí tó kù, ẹ fi apá kan sí CLCAM, kí ẹ sì fi díẹ̀ dá èésú pẹ̀lú àwọn tí ẹ mọ ilé wọn.